Ẹ̀gún Tí Ó Di Ènìyàn: Ìwòye Wa Lórí Ère Ọ̀wọ̀

Ọ̀pọ̀ pálọ̀ àwa ọmọ Yorùbá ní Wàrí ni ère kéékèèké kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì: obìnrin tí ń gúnyán, àwọn bàbá tí ń ta ayò, onídìrí, ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú àwọn atukọ̀ rẹ̀. Bèbí ni àwọn ọmọ wa ń pè é. Àwa àgbà gan-an kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀gún ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Kì í ṣe èyí tí ń gún ni lẹ́sẹ̀ lóko o; ẹ̀gún ńlá tí ó máa ń hù sí ara igi bíi pọ́npọ́lá ni, tí ó rọ̀ fún ọ̀bẹ. Òmíràn funfun díẹ̀, òmíràn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn dúdú bíi kòkó. Ọ̀dà kò kàn án: ẹ̀gún dúdú ni ara, èyí tí ó funfun ni aṣọ.

J. D. Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí a bí ní 1915, ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí láàárín 1930 sí 1939. Ọ̀wọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀bẹ í mú. Fífín eyín erin ti lókìkí níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní ọjà òyìnbó lásán ni ère ẹ̀gún, a kò gbà. Òyìnbó rà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ayé tiwa ni wọ́n gbẹ́.

Méjì ni a gbé ka iwájú kí a tó kọ èyí. Onídìrí ni àkọ́kọ́, ó ti pẹ́. Ọrùn ọmọ tí wọ́n ń dì lórí tẹ̀, èjìká rẹ̀ gbé sókè. Ìrora náà hàn, kò sì ju ìka ọwọ́ lọ! Èkejì, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ni ọkọ̀. Ojú kan náà ni gbogbo atukọ̀ ní, wọ́n di àjẹ̀ mú bí ẹni di ọmọ odó mú. Ẹni tí ó bá ti dúró létí odò Wàrí rí mọ̀ pé atukọ̀ a máa fi gbogbo ẹ̀yìn ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó gbẹ́ ère yìí kò wo ọkọ̀. Ọkọ̀ tí ẹlòmíràn gbẹ́ ni ó wò.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Àwa oníbàárà ń ka orí ènìyàn inú ère kí a tó dá iye, a sì ń ná an bí ẹni ń ná tòmátì. Ta ni yóò wá fi ọjọ́ mẹ́ta gbẹ́ ọrùn?

Ọmọbìnrin kan béèrè lọ́wọ́ wa pé níbo ni onímárúwá wà láàárín wọn. Ìbéèrè gidi ni. Agbẹ́gilére tí ó bá jókòó ní ọjà Igbudu fún wákàtí kan yóò rí ohun tí ó pọ̀ ju ọmọ odó lọ.

A ti dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ fi irú ère bẹ́ẹ̀ dá àwọn ènìyàn lọ́lá lọ́dún tí ń bọ̀, dípò ike tí a ń kọ orúkọ sí. Wọ́n ní owó rẹ̀ yóò pọ̀ ju ti ike lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò pọ̀.