Ara tí a Kọ, Ara tí a Tún Ṣe

Ní èdè Kô ti ilẹ̀ Burkina Faso, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, hââbré, ni ó dúró fún ìwé kíkọ àti fún ilà ara. Ọ̀rọ̀ yìí ni Joana Choumali, ayàwòrán tí a bí sí Abidjan ní ọdún 1974, fi sọ ọ̀wọ́ àwòrán tí ó yà láàrin ọdún 2013 sí 2014 lórúkọ. Olùgbé Abidjan ni àwọn tí ó yà, ilà wà lójú gbogbo wọn; Burkina Faso àti Nàìjíríà sì ni orírun púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ya ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu. Ọ̀rọ̀-ìṣe kọ, olóhùn àárín, ni a fi ń kọ ìwé; òun ni olóòlà fi ń kọ ilà; òun náà ni àgbẹ̀ fi ń kọ ebè. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ ènìyàn ni ó fi àmì tí ó létò sí ojú ohun tí ó tẹ́jú, kí ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ lè mọ̀ pé ọwọ́ ti kan ibẹ̀ rí.

Àwọn tí ń gbèjà iṣẹ́ abẹ ẹwà a máa sọ pé ọmọ ìyá kan náà ni dókítà àti olóòlà. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ìrora wà, ẹwà ni a sì ń wá. Wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ àwọn àgbà gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, pé ilà kíkọ ń dunni, ṣùgbọ́n bí ó bá jinná tán, a di oge. Àròyé yìí tọ̀nà títí dé ẹnu abẹ; kò kọjá ibẹ̀. Èdè fúnra rẹ̀ ti ya wọ́n sọ́tọ̀. Kò sí ẹni tí ó ń sọ pé dókítà kọ imú tàbí kọ ọmú fún obìnrin. Ohun tí a ń sọ ni pé obìnrin náà lọ tún ara ṣe. Ohun tí ó bàjẹ́ ni à ń tún ṣe. Ojú tí a fẹ́ kọ ilà sí kò bàjẹ́. Ó ń retí ohun tí a ó kọ sí i ni.

Ìyàtọ̀ kejì kò jìnnà sí èyí. Ògo olóòlà ni kí àbàjà tàbí pélé tí ó kọ hàn gedegbe, kí ènìyàn rí i lókèèrè. Ògo dókítà ẹwà ni kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé òun dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń fi ojú àpá pamọ́ sí ẹ̀yìn etí, sí abẹ́ ọmú, sí ìdí irun. Bí a bá fi èyí wọn ara fínfín ti òde òní, ẹ̀yìn olóòlà ni yóò bọ́ sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́rẹ́ oníná ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ilẹ̀ Baoulé, ní agbègbè Bouaké, jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí. Susan Vogel, tí ó pẹ́ lẹ́nu ìwádìí lórí iṣẹ́ ọnà wọn, fi hàn pé àmì ọmọ ìlú ni ilà jẹ́ fún Baoulé. Ẹhànnà ni wọ́n ka àwọn ẹ̀mí inú igbó sí. Síbẹ̀, bí agbẹ́gilére bá ń gbẹ́ ère wọn, yóò fi ilà sí i lára, yóò sì di irun rẹ̀ dáadáa, kí ó lè jọ ará ìlú. Robert Farris Thompson ti wí ohun tí ó jọ èyí nípa Yorùbá ní ọdún 1973, nígbà tí ó túmọ̀ ìlàjú ilẹ̀ sí pé ilà wà lójú ilẹ̀. Onígírámà lè bá a jiyàn, nítorí ojú tí a là kí ó lè ríran ni làjú ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé là àti ilà kì í ṣe ẹbí?

Ní Bouaké yìí kan náà ni Robert Gonfreville, ará Faransé, ti dá ilé-iṣẹ́ aṣọ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1920, tí orúkọ rẹ̀ sì mọ́ àdúgbò ibẹ̀ lára. Aṣọ a máa bo ikùn àti ẹ̀yìn, níbi tí àwọn ère Baoulé ti ń fi ilà hàn. Ọnà ara aṣọ ṣeé bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó bá wu ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Ọnà ara kò ṣeé bọ́. Bí aṣọ bá sì ti di ọjà, ó nílò ara tí wọn yóò fi pàtẹ rẹ̀.

Ara yìí ni Choumali mú lò nínú ọ̀wọ́ àwòrán rẹ̀ mìíràn, Awoulaba/Taille Fine: ọmọláńgidi tí àwọn oníṣòwò fi ń pàtẹ aṣọ. Èyí tí ó ti òkèèrè wá tín-ín-rín. Èyí tí wọ́n ṣe ní Abidjan, tí wọ́n ń pè ní awoulaba, ní ìdí àti ọmú rẹpẹtẹ. Òótọ́ ni pé ẹwà ilé ni awoulaba, kì í ṣe ti òyìnbó. Ṣùgbọ́n àwòṣe ṣì ni, ara ènìyàn ni ó sì gbọ́dọ̀ bá a dọ́gba. Nígbà tí orin bobaraba ti DJ Mix àti DJ Eloh gbòde ní ọdún 2008, tí ó ń yin ìdí ńlá, àwọn tí ń ta ìpara àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní ó ń mú ìdí tóbi rí ọjà tà ní Abidjan. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀wọ́ kejì gbọ́n ju Hââbré lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Hââbré ni àwọn ènìyàn mọ̀ jù, tí ó sì gba ẹ̀bùn CAP ní ọdún 2014.

Àbùkù Hââbré ni pé ẹ̀yìn àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ṣófo. Ilà jẹ́ ìwé, ìwé sì ń fẹ́ òǹkàwé. Ọmọ Èjìgbò tí ó kúrò nílé lọ sí Bouaké tàbí Abidjan, níbi tí wọ́n ti ń pe Yorùbá ní Ànàgó, gbé ojú tí ará ilé rẹ̀ lè kà lọ sáàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀sín tí wọ́n fi ń ṣe é kò ti inú ilà wá. Àìmọ̀ọ́kà àwọn tí ó yí i ká ni. Àwòrán tí ó yọ ọjà, àdúgbò àti ẹbí kúrò lẹ́yìn rẹ̀ tún àìmọ̀ọ́kà yìí ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Gbólóhùn tí ayàwòrán fi kún àkọlé rẹ̀, pé ìran ìkẹyìn nìyí, mú kí òǹwòran ṣàánú kí ó tó kàwé.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi èyí ṣe àwáwí fún abẹ lójú ìkókó. A kò bi ọmọ kí a tó kọ ọ́ nílà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà, ọdún 2003, ní abala 24, ka ara fínfín àti ilà kíkọ sí ọmọdé léèwọ̀ papọ̀, kò sì ṣàṣìṣe. Àgbàlagbà tí ó lọ tún ara ṣe ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòṣe ti ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀.

Ibì kan wà tí olóòlà àti dókítà ti ń pàdé: lójú ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n pa ilà òun rẹ́. Dókítà lè gé àpá àtijọ́ kúrò, kí ó sì rán ẹnu awọ méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n àpá mìíràn ni ó ń fi dípò rẹ̀, tí ó kéré, tí kò létò, tí kò sì sí ìlú kankan tí ó lè kà á.