Ta Ni Wọ́n Bi, Kí Ni Wọ́n Kà? Àríwísí Lórí Ìwádìí Ìdánimọ̀ Àjùmọ̀ní ní Yúróòpù

Láti ọdún 1992 ni ìbéèrè kan ti wà nínú ìwádìí Eurobarometer tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbójú lé: ṣé ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ nìkan ni o ka ara rẹ sí, tàbí ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ àti ọmọ Yúróòpù, tàbí ọmọ Yúróòpù ṣáájú ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ, tàbí ọmọ Yúróòpù nìkan? A kò bá iye tí wọ́n kà jà. Ohun tí wọ́n gbà pé àwọn ń kà ló kọ wá lóminú.

Brubaker àti Cooper ti ṣàlàyé ní ọdún 2000 pé iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ gbé lé ọ̀rọ̀ náà, ìdánimọ̀, lọ́rùn ti pọ̀ jù fún un. Bruter (2005) ya ti òṣèlú sọ́tọ̀ kúrò lára ti àṣà, ìyẹn sì wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣòro àjùmọ̀ní ṣì wà níbẹ̀. Inú ‘dá mọ̀’ ni Yorùbá ti ṣẹ̀dá ìdánimọ̀. Ó yẹ kí á béèrè ẹni tó ń dáni mọ̀. Ìbéèrè Eurobarometer yìí kò béèrè rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bi nípa ara rẹ̀. Àwọn onímọ̀ a wá ro ìdáhùn pọ̀, wọn a sì pe àròpọ̀ náà ní àjùmọ̀ní. Nígbà tí gbèsè wọ Gíríìsì lọ́rùn ní ọdún 2010, ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ní Jámánì ni bóyá ó yẹ kí àwọn bá wọn gbé ẹrù náà. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ súnmọ́ àjùmọ̀ní ju mẹ́rin òkè yẹn lọ.

Èyí tó tún wúwo jù ni ti ẹni tí wọ́n ń bi. Ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó ti pé ọdún 15, ni ìwádìí náà wà fún. Jámánì bá Tọ́kì ṣe àdéhùn ní ọdún 1961 láti gba òṣìṣẹ́ wọlé. Ọmọ-ọmọ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bí sí Berlin, tó kàwé níbẹ̀, tó ń sọ Jámánì bí omi, kò sí nínú òǹkà bí kò bá ní ìwé ọmọ-ìlú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Wọ́n jáde nínú Àjọ náà ní ọjọ́ 31, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2020. Ṣé alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣíwọ́ jíjẹ́ ará Yúróòpù? Norway kò tilẹ̀ wọ inú rẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Afrobarometer ń bi àwọn ará Nàìjíríà ní irú ìbéèrè yìí, láàrin ẹ̀yà àti orílẹ̀-èdè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì lè dà á kọ sínú ìwé ìbéèrè wọn bó ṣe wà. Kí wọ́n tó lò ó, kí olùkọ́ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan: ta ni kò sí lára àwọn tí a fẹ́ bi, kí ló sì fà á?