Sozaboy: Ẹni tí ogun ò pa, ilé pè é ní òkú

Àdàmọ̀dì òyìnbó inú Sozaboy, ìwé tí Ken Saro-Wiwa gbé jáde ní 1985, ni gbogbo èèyàn máa ń sọ. Ó dùn lóòótọ́. Ìparí rẹ̀ ló dá wa dúró. Mene ti ojú ogun abẹ́lé dé, bọ́ǹbù ti pa ìyá àti ìyàwó rẹ̀, àwọn ará Dukana sì ní òkú ni, pé òun ló ń fi àìsàn pa wọ́n. Àkúdàáyà nìyẹn lọ́dọ̀ tiwa. Kò sẹ́ni tó bi í pé, "Kí lojú ẹ rí?" Àwa náà ńkọ́? Sójà dé, kì í sùn lóru, ariwo bánga Kérésì ń já a láyà, a ní igbó ló ń mu. Mene sá kúrò nílùú. Saro-Wiwa ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é padà, ibẹ̀ ló dùn wá jù.