Ohùn Méjì Lábẹ́ Ọwọ́ Kan: Àyẹ̀wò Ìlànà Ìkọ́ni ní Dùùrù Nípasẹ̀ Sinfonia Kẹsàn-án ti Bach

Ní ọdún 1723, ní ìlú Köthen ní ilẹ̀ Jámánì, ni Johann Sebastian Bach da ọgbọ̀n orin kéékèèké kọ sínú ìwé kan fún àwọn tí ó ń kọ́ dùùrù títẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ olóhùn méjì, èyí tí ó pè ní Invention. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù jẹ́ olóhùn mẹ́ta, èyí tí ó pè ní Sinfonia. Ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà sọ èròǹgbà rẹ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ lè tẹ ohùn méjì ní àtẹ̀yé, kí ó tó bọ́ sí mẹ́ta, àti ní pàtàkì jù lọ, kí títẹ̀ rẹ̀ dà bí orin kíkọ lẹ́nu. Ohùn mẹ́ta sì rèé, ọwọ́ méjì péré ni ènìyàn ní. Ó di dandan kí ọwọ́ kan ru ẹrù méjì.

Ìlànà tí ó gbilẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìka kan tẹ nóòtù kan mọ́lẹ̀, kí àwọn ìka yòókù máa lọ sókè sódò, títí ìka kẹrin àti ìkarùn-ún yóò fi lágbára. Lóòótọ́, ìka kò dọ́gba, eré ìka bẹ́ẹ̀ sì ní àǹfààní tirẹ̀ bí kò bá pẹ́ jù. Àléébù rẹ̀ ni pé ó sọ ọ̀ràn etí di ọ̀ràn iṣan. Ọrùn ọwọ́ a máa le gbagidi, ìka a lágbára, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí yóò sọ.

Sinfonia kẹsàn-án, tí ó wà ní F minor, tú àṣírí ìlànà yìí. Ìpìlẹ̀ orin mẹ́ta ni Bach hun pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti F dé C, láì fo kíì kankan, ìbáà ṣe funfun tàbí dúdú. Èkejì jẹ́ nóòtù kúkúrú tí ìdákẹ́ ń là láàárín, bí ìgbà tí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ bá ń mí ìmí ẹ̀dùn. Ẹ̀kẹta yára jù wọ́n lọ. Ní báà 3, ohùn òkè wọlé pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn, ohùn àárín gba ìsọ̀kalẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún sì ni ó ń gbé méjèèjì. Ìdákẹ́ ni ó le jù níbẹ̀, kì í ṣe nóòtù. Ìka tí ó wà lókè gbọ́dọ̀ gbéra kí ohùn òkè lè mí, nígbà tí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lórí kíì rẹ̀, nítorí ohùn àárín kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Akẹ́kọ̀ọ́ tí etí rẹ̀ kò sí níbẹ̀ yóò gbé gbogbo ọwọ́ sókè, ohùn àárín a já. Tàbí kí ó di gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìmí ẹ̀dùn a di ariwo. Agbára ìka kò lè wo àrùn yìí.

Àwọn olùkọ́ mìíràn a ní kí ohùn òkè ṣáà ròkè. Ìmọ̀ràn yìí rọrùn lórí píánò, ṣùgbọ́n ó sọ ohùn kejì di ẹrú. Lórí harpsichord, ọ̀kan lára àwọn dùùrù ìgbà ayé Bach, bí ìka ṣe tẹ kíì líle tó kì í yí ariwo rẹ̀ padà tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ìka bá gbéra ni ó ń ya ohùn sọ́tọ̀. Ìṣòro mìíràn tún wà lórí píánò: nóòtù gígùn a máa rẹlẹ̀ bí ó ti ń pẹ́. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ohùn àárín dáadáa yóò bẹ̀rẹ̀ nóòtù tí ó kàn níbi tí èyí tí ó ṣáájú rẹlẹ̀ dé, kí okùn rẹ̀ má baà já.

Nítorí náà, ẹnu ni ó yẹ kí ìdánrawò ti bẹ̀rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ pín ohùn méjèèjì fún ọwọ́ méjì, kí ó gbọ́ bí wọ́n ṣe rí nígbà tí ìka kò tíì fún wọn mọ́ra. Kí ó tẹ ọ̀kan, kí ó fi ẹnu kọ èkejì. Kí ó sì pààrọ̀ wọn. Lẹ́yìn èyí ni kí ó kó wọn sí ọwọ́ kan, kí ó ṣe àwárí ìka tí yóò jẹ́ kí ọwọ́ náà sọ ohun tí etí ti mọ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ti ń gbọ́ ìlù dùndún láti kékeré kò bẹ̀rẹ̀ láti òfo: etí rẹ̀ a máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ìyáàlù láì pàdánù gúdúgúdú tí ń rọ́ lábẹ́ rẹ̀. Àmọ́ onílù méjì ni ó ń lu ìyẹn. Ara kan ṣoṣo ni atẹdùùrù ní. Àwọn onílù lè gbà á ní etí, wọn kò lè bá a gbé ọwọ́.

Fífi ẹnu kọ ohùn àárín báà 3 nìkan lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń kùn pé kò sí ohun tí àwọn tíì tẹ̀.