Ibi Tí Ọwọ́ Ti Ń Dúró Lára Irin Ọ̀run

Omi tútù ni wọ́n fi ń gé e. Ayùn ń lọ, ó ń bọ̀, omi ń ṣàn sí ojú ibi tó ń jẹ, ẹni tó dì í mú kò sì kánjú. Alágbẹ̀dẹ tó bá dúró wò ó lè béèrè pé kí ló dé tí wọ́n ń kẹ́ irin bí ọmọ tuntun, kí ló dé tí wọn ò kúkú fi í síná kó rọ̀. Irin yìí kò ti inú ilẹ̀ wá ni. Ojú ọ̀run ló ti já bọ́. Tó bá fi lè pupa fòò nínú iná ẹwìrì, ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ gé e á bàjẹ́, kò sì sí alágbẹ̀dẹ láyé tó lè dá a padà.

Irin lásán kọ́ ni irin ọ̀run. Níkẹ̀lì wà nínú rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ ìdá 5 sí 12 nínú 100, ó sì ń ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwọn mìíràn. Kobalt díẹ̀, imí ọjọ́ díẹ̀ àti phosphorus díẹ̀ tún wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àárín gbùngbùn àwọn ayé kéékèèké tó ń yí oòrùn ká nígbà ìwáṣẹ̀. Àwọn ayé náà gbóná títí wọ́n fi yọ́, irin tó wúwo rọ̀ sí ìsàlẹ̀, òkúta sì bò ó mọ́lẹ̀ bí aṣọ òtútù. Lábẹ́ aṣọ yẹn, ìtutù kò yá: òmíràn kì í tutù ju ọgọ́rùn-ún dígíríì lọ láàárín mílíọ̀nù ọdún kan. Bó ṣe ń tutù ni níkẹ̀lì ń ṣí kiri nínú rẹ̀. Èyí tí níkẹ̀lì rẹ̀ kéré, tí wọ́n ń pè ní kamacite, ń hù jáde ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bíi pákó, láàárín èyí tí níkẹ̀lì rẹ̀ pọ̀, ìyẹn taenite. Àwọn pákó wọ̀nyí ni àwọn tó ń gé e ń wá.

Lẹ́yìn ayùn, sáńdípépà ló kàn, láti orí èyí tí iyanrìn rẹ̀ nípọn dé orí èyí tó kúnná bí àtíkè. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ pépà, wọ́n á yí irin náà, kí àpá tuntun lè dábùú àpá ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ti tẹ́lẹ̀ bá parẹ́ tán ni wọ́n tó tún pààrọ̀. Níkẹyìn irin náà á máa dán bíi dígí, kò sì ní sí ohun kankan níbẹ̀ ju ojú ẹni tó ń wò ó lọ.

Nígbà náà ni ásíìdì tó wọlé: nítríìkì ásíìdì díẹ̀ nínú spírítì púpọ̀, àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti Abẹ́òkúta á tètè lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò lára aṣọ, aró kì í ràn án. Ibi tó ṣí sílẹ̀ ni aró ń mu. Níbí, taenite ni ẹ̀kọ: níkẹ̀lì tó pọ̀ nínú rẹ̀ kò jẹ́ kí ásíìdì rí i jẹ bọ̀rọ̀. Kamacite ni ásíìdì ń jẹ, tó ń rẹlẹ̀, tó ń ṣe bàìbàì, títí àwọn ìlà tínínrín taenite fi dá yàtọ̀, tí wọ́n ń kọ mọ̀nà, tí wọ́n ń gba ara wọn kọjá. Ṣùgbọ́n aláró ló ń yan ibi tí ìyẹ́ adìẹ rẹ̀ máa fa ẹ̀kọ gbà. Ẹni tó ń fi ásíìdì fọ irin yìí kò yan ìlà kankan. Ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró nìkan ló wà níkàáwọ́ rẹ̀. Bó bá yá jù, àwòrán á dà bí ohun tí èéfín bò. Bó bá pẹ́ jù, ojú irin á ṣókùnkùn, á sì rí kàràkàrà. Mo ka mímọ ààlà kékeré yẹn sí ọgbọ́n tó tóbi.

G. Thomson ti fi ásíìdì rí àwọn ìlà yìí ní Naples ní ọdún 1804. Ní ọdún 1808 ní Vienna, Alois von Widmanstätten rí wọn lọ́nà tirẹ̀: ó na ègé irin Hraschina, èyí tó já bọ́ ní ilẹ̀ Croatia ní ọdún 1751, sí iná díẹ̀, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì jáde lára pákó kọ̀ọ̀kan. Ìdílé atẹ̀wé ni wọ́n ti bí i, ọwọ́ atẹ̀wé sì hàn nínú ohun tó tẹ̀lé e. Nínú ìwé tí Karl von Schreibers gbé jáde ní ọdún 1820, kò sí pé ẹnì kan jókòó ya irin ọ̀run tí wọ́n ń pè ní Elbogen; wọ́n ta yíǹkì sí ojú irin náà tí ásíìdì ti jẹ, wọ́n sì tẹ bébà lé e. Irin náà fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ tẹ̀wé.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ìlà pín wọn. Bí níkẹ̀lì kò bá tó nǹkan bí ìdá 6, kamacite nìkan ni, kò sí pákó tó dábùú ara wọn, hexahedrite nìyẹn. Irin tí wọ́n rí ní Uwet, ní apá Cross River ní Nàìjíríà, wà lára wọn. Bí níkẹ̀lì bá ti ń pọ̀ sí i, pákó á yọ, á sì máa tín-ín-rín sí i, láti èyí tó fẹ̀ ju mìlímítà 3 lọ dé èyí tí kò tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà. Octahedrite ni gbogbo wọn. Nígbà tí níkẹ̀lì bá tó nǹkan bí ìdá 16, ojú lásán kò rí nǹkan kan mọ́. Ataxite ni wọ́n ń pe èyí, bí irin Hoba ní Namibia, tó wúwo tó nǹkan bí ọgọ́ta tọ́ọ̀nù, tó sì wà níbi tó balẹ̀ sí títí di òní.

Nínú kíka ìlà yìí, ọ̀gá ni Vagn Buchwald, ọmọ ilẹ̀ Denmark. Ìdìpọ̀ mẹ́ta ni ìwé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1975, ó sì tú àwọn irin náà wò níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ mú débi pé bí alágbẹ̀dẹ kan bá ti fi irin ọ̀run síná rí, láyé àtijọ́, ó ń rí i níbi tí etí àwọn pákó ti yọ́ wọnú ara wọn.

Síbẹ̀, ojú jọra kì í ṣe ọmọ ìyá. Irin méjì lè ní ìlà tó fẹ̀ dọ́gba kí wọ́n má sì wá láti ayé kan náà. Ní ọdún 1957, John Lovering àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi gallium àti germanium pín wọn sí ìsọ̀rí mẹ́rin. Lẹ́yìn wọn, John Wasson ní yunifásítì UCLA lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fọ́ ìsọ̀rí mẹ́rin náà sí ìdílé wẹ́wẹ́. Ègé kékeré ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ átọ́ọ̀mù. Bó bá jáde, èròjà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ á máa tan ìtànṣán tirẹ̀, wọ́n á sì kà á. Germanium ló ń tú àṣírí jù: nínú ìdílé tí wọ́n ń pè ní IAB ó lè tó 300 nínú mílíọ̀nù, nínú ìdílé IVB tí Hoba wà, kò tó ẹyọ kan. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, bí níkẹ̀lì ṣe ń gòkè ni iridium ń wálẹ̀, nítorí ohun tó kọ́kọ́ dì ni iridium ń bá lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ irin tó ṣáájú àti èyí tó kẹ́yìn nígbà tí àárín ayé kan ń dì.

Irin tó já bọ́ ní Udei Station, ní Benue, ní ọdún 1927, kò bá ìtàn tó dán yìí mu. Òkúta wà káàkiri nínú irin rẹ̀, bẹ́ẹ̀ irin tó fara balẹ̀ rọ̀ sí àárín ayé kan ì bá ti fi òkúta sílẹ̀ lókè. IAB ni wọ́n kà á mọ́, ìdílé tí wọ́n ṣì ń tún tò.

Ìlànà tí mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú iṣẹ́ wọn nìyí: ó di irin márùn-ún tó bára mu kí wọ́n tó pè é ní ìdílé. Irin tí kò bá rí mẹ́rin bá jọ, ìbáà tóbi, ìbáà dán, wọn kì í fi ipá fún un ní bàbá. Nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 ló wà bẹ́ẹ̀. Wọ́n gé wọn nínú omi tútù, wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n kà wọ́n, wọ́n sì tò wọ́n sí pẹpẹ láìní ìdílé, títí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn á fi já bọ́.