Èsì Lẹ́tà Li Hua: Àyẹ̀wò Ìtàkùrọ̀sọ Àwọn Ará Ṣáínà àti Àwọn Ará Amẹ́ríkà ní Ọdún 2025

Òfin tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 pa á láṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ ByteDance ti ilẹ̀ Ṣáínà ta TikTok tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a tì í pa ní ọjọ́ 19, oṣù Kín-ín-ní, ọdún 2025. Bí ọjọ́ náà ti ń súnmọ́ etílé, àwọn òǹlò rẹ̀ kan ṣí lọ sí ìkànnì àwọn ará Ṣáínà gan-an, Xiaohongshu, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ ‘ìwé pupa kékeré’, tí a sì dá sílẹ̀ ní Shanghai ní ọdún 2013. Reuters ròyìn pé àwọn tuntun tí ó wọlé láàárín ọjọ́ méjì ju 700,000 lọ. Ẹ má gbàgbé pé TikTok fúnra rẹ̀ kò ṣí sílẹ̀ ní Ṣáínà. Douyin ni ByteDance ṣe fún wọn níbẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan náà ni àwọn ènìyàn méjèèjì yìí ń bá lò nígbà náà, ṣùgbọ́n ògiri wà láàárín wọn.

Ohun tí àwọn akọ̀ròyìn gbé gẹ̀gẹ̀ jùlọ ni àwàdà. Àwọn onílé ní kí àlejò san ‘owó-orí ológbò’, èyí ni pé kí ó fi àwòrán ológbò rẹ̀ hàn kí ó tó jókòó. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣẹ̀fẹ̀ pé amí Ṣáínà tí ń ṣọ́ àwọn lórí fóònù ni àwọn ń wá kiri. Àwọn ará Ṣáínà sì ń dáhùn pé àwọn ni amí náà, àárò ti sọ àwọn. Ẹ̀fẹ̀ yìí dùn, ṣùgbọ́n bí a bá gbọ́ ọ nígbà kẹta, ó ti sú ni. Àwọn kan wí pé ìbínú sí ìjọba ni ó gbé àwọn àlejò náà lọ, kì í ṣe ìfẹ́ Ṣáínà. Òtítọ́ púpọ̀ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí ó mú ènìyàn la ẹnu yàtọ̀ sí ohun tí ó sọ, èyí tí wọ́n sọ ni a ó sì gbé yẹ̀ wò níhìn-ín.

Èyí tí ó jẹ mí lógún jùlọ ni ọ̀rọ̀ Li Hua. Li Hua kì í ṣe ènìyàn kan pàtó. Nínú ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì ní Ṣáínà, tí wọ́n ń pè ní gaokao, ìbéèrè èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó fi ara rẹ̀ ṣe Li Hua, kí ó sì kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ kan tí ó jẹ́ ará ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọdún 2017, Li Hua ní láti sọ fún Leslie, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń kọ́ ní èdè Ṣáínà, pé ewì ayé ìjọba Tang ni wọn yóò kọ́ nígbà mìíràn tí wọ́n bá pàdé. Ní ọdún 2018, ó ní láti ṣàlàyé fún Terry, ará New Zealand, àkókò tí ó yẹ kí àlejò dé ilé ọmọ Ṣáínà, ẹ̀bùn tí ó yẹ, àti ìwà tí a ń hù nídìí oúnjẹ. Nǹkan bí 100 ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti máàkì àròkọ onílẹ́tà gbẹ̀fẹ́ rí mọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀: ìkíni wà níbẹ̀, ìdágbére wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ nìkan ni kò sí.

Nígbà tí àwọn àlejò dé, àwọn tí wọ́n ti jẹ́ Li Hua rí bẹ̀rẹ̀ sí bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi fèsì lẹ́tà wọn láti ọjọ́ yìí. Àwọn ará Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ èsì sí Li Hua, wọ́n ń tọrọ àforíjì pé àwọn pẹ́. Ní tèmi, kò sí ohun tí ó dára tó èyí nínú gbogbo ìtàkùrọ̀sọ náà. Kò sí ẹni tí ó hùmọ̀ ọgbọ́n tuntun; ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń dán ọmọ ilé-ìwé wò ni wọ́n mú, tí wọ́n sì fi ẹni tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kún un. Gbólóhùn tí ọmọ kọ́ sórí nítorí máàkì wá rí ènìyàn ẹlẹ́ran-ara tí yóò gbà á.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ yìn wọ́n kọjá ààlà. Nínú àwọn èsì tí mo kà, àforíjì pọ̀ ju ìdáhùn lọ. Li Hua ti fi ewì Tang lọni, ó ti ṣàlàyé bí a ti ń jókòó ti oúnjẹ. N kò rí ẹni tí ó bi í pé èwo nínú àwọn ewì náà ni òun gan-an fẹ́ràn. Bí a kò bá bi í ní nǹkan kan, kí ni yóò fi kọ lẹ́tà kejì?

Ibi tí ìbéèrè ti jáde gan-an ni ọ̀rọ̀ owó. Wọ́n pe èyí ní duizhang, bí ìgbà tí oníṣòwò méjì fi ìwé ìṣirò wọn wé ara wọn. Àwọn ará Ṣáínà bèèrè bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé owó gọbọi ni ènìyàn ń san nítorí ọkọ̀ tí ó gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Àwọn ará Amẹ́ríkà bèèrè iye tí ilé àti oúnjẹ jẹ́ lọ́hùn-ún. Èdè ibẹ̀ kò dán, ṣùgbọ́n olúkúlùkù fẹ́ gbọ́ ìdáhùn. Ìṣirò náà kò pé ṣá o, nítorí àwọn onílé tètè kìlọ̀ fún àlejò pé kí ó má dá ọ̀rọ̀ ìṣèlú sílẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè. Láti ọdún 2001 ni ìjọba Ṣáínà ti pinnu pé kí a máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹta ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí àlejò tó dé, onílé ti kọ́ èdè rẹ̀. Àlejò kò kọ́ ti onílé. Lóòótọ́, Duolingo kéde pé àwọn tuntun tí ń kọ́ Mandarin ní Amẹ́ríkà fi ìdá 216 nínú 100 pọ̀ ju ti àkókò kan náà lọ́dún tí ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni Xiaohongshu fi ẹ̀rọ ìtúmọ̀ sí ojú ìkànnì rẹ̀, TikTok sì ti ṣí padà ní ọjọ́ 19 náà, ọ̀pọ̀ àlejò sì padà sílé. Èmi ìbá fẹ́ ka lẹ́tà kan tí ará Amẹ́ríkà fi èdè Ṣáínà kọ sí Li Hua, pẹ̀lú gbogbo àṣìṣe rẹ̀, kí Li Hua sì fi yíǹkì pupa máàkì í.