Àárò Ilé Nínú Orin Fẹlá Ṣówándé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Èyí ni Fẹlá Ṣówándé fi orin sọ nínú Nostalgia, ìpín kejì nínú márùn-ún African Suite, tí ó kọ ní 1944 nígbà tí ó ń gbé ní ìlú Òyìnbó.

Ohun èlò olókùn, irú ìran gòjé, ni ó gbé e kalẹ̀. Kò sí ìlù, kò sí ọ̀rọ̀. Orin náà ń rọra lọ, ṣùgbọ́n ìfalẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀fọ̀. Ẹni tí ó ń ro ilé ni ó jọ, kì í ṣe ẹni tí ó ń sunkún òkú.

Àwọn kan lè ní orin tí kò lọ́rọ̀ kò lè jẹ́ ti Yorùbá, nítorí ohùn ọ̀rọ̀ ni ó sábà máa ń darí orin Yorùbá. Àìlọ́rọ̀ náà gan-an ni agbára rẹ̀. Bí ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó ń gbé Badarawa ní Kàdúná bá gbọ́ ọ, ilé bàbá rẹ̀ ni yóò rántí. Bí aládùúgbò rẹ̀ ará Sókótó bá gbọ́ ọ, òun náà yóò rántí tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ì bá ti pààlà sí wọn láàárín.

Àléébù kan wà: orúkọ. Akinla, tí í ṣe ìpín ìkẹyìn, ń jẹ́ orúkọ Yorùbá. Èyí tí ó ń ké pe ilé ni ó ń jẹ́ orúkọ Òyìnbó. Àárò Ilé ni ì bá yẹ ẹ́.